Inú fíríì ni iṣẹ́ wà: bí mo ṣe kọ́ láti rẹ gíà sílẹ̀ nínú mọ́tò sípọ́ọ̀tì àtijọ́

Ìka ni Bàbá fi bá mi wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọn ò la ẹnu rárá. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú MGB mi, mọ́tò sípọ́ọ̀tì Gẹ̀ẹ́sì ni, ọdún 1965 ni wọ́n ṣe é, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, èmi náà wá ń wakọ̀ lọ ní tèmi, a dé kọ́nà kan mo rẹ gíà sílẹ̀ láti kẹta sí kejì, mọ́tò fò jìgì, orí Bàbá lọ síwájú ó padà sẹ́yìn, wọ́n bá gbé ìka kan sókè. Kọ́nà kejì, jìgì, ìka kejì. Ìgbà tá a fi sọ̀kalẹ̀ òkè yẹn tán ìka mẹ́sàn-án ló ti dúró, ọwọ́ òtún ti kún, wọ́n ti ń lo ti òsì. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ̀rọ̀, wọ́n ní "Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án lo ta mọ́tò yìí nípàá o."

Ó dùn mí, mi ò ní tàn yín. Torí mo ti ń wa mọ́tò oní-gíà ọwọ́ láti ìgbà tí mo ti gba láísẹ́ńsì, kò sẹ́ni tó bá mi wí rí. Àṣé mọ́tò ayé òde òní ló ń bò mí láṣìírí. Nínú mọ́tò tuntun synchro (òrùka inú gíábọ́ọ̀sì tó ń mú kí gíà yí ní ìwọ̀n kan náà kó tó wọlé) lágbára, kílọ́ọ̀ṣì rọ̀, rọ́bà tó di ẹ́ńjìnì mú náà ń bá a gba ìyà, èèyàn lè fa gíà wálẹ̀ bó ṣe wù ú kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn má tiẹ̀ mọ̀. Òmíràn tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń ta túrótù fúnra rẹ̀, ìyẹn ni pé ó ń fún ẹ́ńjìnì ní epo díẹ̀ kó lè yára, Nissan 370Z ti ọdún 2009 ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mọ́tò àtijọ́ ò ní irú àánú yẹn. Ohun tó o bá ṣe fún un ló máa sọ síta lójú ẹsẹ̀, létí gbogbo èèyàn.

Nígbà tó yá gíà kejì bẹ̀rẹ̀ sí ké. Tí gíábọ́ọ̀sì bá ṣì tutù tí mo fẹ́ wọ kejì, á ké kirrrr, bí ẹni ń fi irin họ irin, mo kọ́kọ́ ń ṣe bí ẹni pé mi ò gbọ́ ọ, nígbà tó wá di pé kódà tó bá gbóná ó ń ké, a tú u sílẹ̀. Bàbá yọ òrùka synchro gíà kejì, wọ́n fi epo fọ̀ ọ́, wọ́n kó o lé mi lọ́wọ́. Òrùka idẹ kékeré ni, ó rọra tẹ̀ wọnú bí ẹnu àrọ, eyín wínníwínní wà létí rẹ̀, inú rẹ̀ sì ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí i ká bí ìlà ara sukúrúù. Wọ́n gbé òrùka tuntun lé ọwọ́ mi kejì, wọ́n ní kí n fi èékánná fa inú àwọn méjèèjì. Ti tuntun, èékánná mi ń kọ́ ọ lójú ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ń dún tí-tí-tí. Ti mọ́tò mi, èékánná yọ̀ lọ geerege bí ẹni ń fa inú ife tanganran. Wọ́n ní kí n tún un fà. Mo tún un fà. Wọ́n ní "Ìwọ lo jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀."

Kì í ṣe èmi nìkan o, mọ́tò yẹn ti lo ogójì ọdún ó lé kó tó dé ọwọ́ mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà yé mi. Àwọn ìlà yẹn ló ń gé ọ́ìlì kúrò lójú irin kí òrùka náà lè di gíà mú, kó fi ipá mú un kí wọ́n jọ máa yí ní ìwọ̀n kan náà, kí eyín tó pàdé eyín. Tí ìlà bá ti jẹ tán, òrùka á kàn máa yọ̀ lórí ọ́ìlì, gíà ò ní tíì bá a dọ́gba, ọwọ́ tìẹ sì ti ń tì í, eyín á wá máa gbá eyín. Igbe tó ń ké nìyẹn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ló kàn báyìí, ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ. Ìjà méjì ló wà nínú rírẹ gíà sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan. Ìjà àkọ́kọ́ wà láàárín ẹ́ńjìnì àti ṣáàfù tó ti ọ̀dọ̀ kílọ́ọ̀ṣì wọnú gíábọ́ọ̀sì. Tó o bá wọ gíà kejì tán tó o fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, táyà máa fẹ́ kí ẹ́ńjìnì yára yí ju bó ṣe ń yí lọ, tí ẹ́ńjìnì ò bá tíì ṣe tán á di pé táyà ló ń wọ́ ọ, mọ́tò á fò jìgì, ohun tó gbé orí Bàbá síwájú nìyẹn. Ìjà kejì wà nínú gíábọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Ṣáàfù yẹn àti gbogbo gíà tó so mọ́ ọn gbọ́dọ̀ yára sí i kí gíà kejì tó lè bá ṣáàfù tó ń lọ sọ́dọ̀ táyà dọ́gba. Ìjà àkọ́kọ́ ń jẹ pèléètì kílọ́ọ̀ṣì, ìkejì ń jẹ òrùka idẹ.

Ó wá di pé ẹnì kan ti gbọ́ pé kí èèyàn máa ta túrótù tó bá fẹ́ rẹ gíà sílẹ̀, ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, ó ta túrótù vùùm, ó wọ gíà kejì, ó fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, mọ́tò ò fò, inú rẹ̀ dùn. Ó dáa, ó ti parí ìjà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀ṣì wà nílẹ̀ nígbà tó ta túrótù, ẹ́ńjìnì nìkan ló gbọ́ ọ, ṣáàfù inú gíábọ́ọ̀sì ò gbọ́ nǹkan kan torí wọ́n ti já a kúrò lára ẹ́ńjìnì. Òrùka idẹ ló ṣì dá ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n, gíà kejì sì ń ké lọ.

Ohun tó ń parí ìjà kejì ni pé kó o fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ nígbà tí ọwọ́ gíà bá wà ní fíríì, ìyẹn ni pé kò sí nínú gíà kankan. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ní fíríì, tí kílọ́ọ̀ṣì bá wà lókè, ẹ́ńjìnì àti ṣáàfù yẹn ti di ọ̀kan, tó o bá wá ta túrótù àwọn méjèèjì á jọ gùn, gíà inú lọ́hùn-ún á yára, ìgbà náà ni wà á wá tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kejì kíá kó o wọ gíà. Ẹ̀ẹ̀mejì lo máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì fún gíà kan. Bàbá sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń lù ú, wọ́n ń fi ìka gbá dáṣíbọ́ọ̀dù: tẹ̀, yọ, fi sílẹ̀, ta, tẹ̀, wọlé, fi sílẹ̀. Mo ń sọ ọ́ lẹ́nu bí mo ṣe ń wakọ̀, mo sọ ọ́ títí tí àwọn ọmọ mi fi mọ̀ ọ́n lórí.

Èèyàn á ní ó gùn jù, pé ibo ni àsìkò wà. Níbẹ̀rẹ̀ ó máa gùn lóòótọ́, bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó sì lè rí wúruwùru. Lẹ́yìn oṣù kan ó ti kúrú, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta wàá rí i pé ọwọ́ ni kò gbọ́dọ̀ yára, ẹsẹ̀ ló ń yára. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù tí mo rí lára àwọn tí mo ti kọ́ ni pé ọwọ́ wọn ń sáré gba fíríì kọjá, wọ́n ń fa gíà láti kẹta sí kejì lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ń já okùn. Ẹ dúró ní fíríì. Ẹ sinmi níbẹ̀ bí ẹni mí síta. Ọwọ́ gíà náà, ẹ má fi ìkúùkù dì í mú, àtẹ́lẹwọ́ àti ìka méjì tó o. Tí ìwọ̀n bá ti dọ́gba gíà á wọlé fúnra rẹ̀, bí ìgbà téèyàn ki ọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀, o ò ní gbọ́ nǹkan kan, o ò sì ní rí i pé o tì í. Tó bá ń kọ̀, má fi ipá tì í, kíkọ̀ rẹ̀ yẹn ọ̀rọ̀ ló ń sọ fún ẹ, pé túrótù kéré tàbí pé ó ti pọ̀ jù, padà sí fíríì kó o tún un ṣe.

Báwo lèèyàn ṣe wá mọ ìwọ̀n túrótù tó tó? Ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀ ná, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí kí ṣáàfù tó ń lọ sọ́dọ̀ táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Nínú gíábọ́ọ̀sì MGB ìgbà yẹn gíà kẹrin jẹ́ 1.00, kẹta jẹ́ 1.37, kejì jẹ́ 2.21, kìíní jẹ́ 3.64. Tó o bá ń lọ ní gíà kẹrin tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìgbà 2,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, tó o fẹ́ gíà kẹta tí ìsáré mọ́tò ò yí padà, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ gun dé nǹkan bíi 3,400. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ láti kẹta sí kejì, 2,500 yẹn gbọ́dọ̀ di nǹkan bíi 4,000. Ti àkọ́kọ́ ò tó ẹgbẹ̀rún kan, ti èkejì jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀. Ọ̀pọ̀ wa wá ń ta túrótù kan náà fún méjèèjì, ó tó fún kẹta, kò tó fún kejì, òrùka gíà kejì ló ń san ìyókù. Ìdí kan nìyẹn tí synchro gíà kejì fi máa ń ṣáájú kú nínú mọ́tò àtijọ́, àwọn tó ní Alfa Romeo àtijọ́ mọ ohun tí mò ń sọ dáadáa.

Kò sẹ́ni tó lè ṣe ìṣirò yẹn lójú ọ̀nà ṣá. Etí ló ń ṣe é. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù nìyí, ẹ gbìyànjú rẹ̀: ẹ wá ọ̀nà tó tẹ́ tó sì dá, ẹ wà ní gíà kejì ní ìsáré kan tí kò yí padà, ẹ gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì dáadáa, ẹ máa fi imú kọ ọ́ bí orin. Ẹ wá bọ́ sí gíà kẹta ní ìsáré kan náà, ohùn á rẹlẹ̀, ẹ gbọ́ ìyẹn náà. Nísinsìnyí ẹ fẹ́ padà sí kejì, ohùn àkọ́kọ́ yẹn lẹ ń wá, ẹ ti mọ̀ ọ́n, ẹ fi túrótù lé e ní fíríì títí tẹ́ ẹ fi bá a, ẹ wọlé. Mo ṣe èyí lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ọ̀nà dá. Lẹ́yìn ìyẹn mi ò kì í sábà wo aago ẹ́ńjìnì mọ́.

Ó sàn kó o ta á kọjá díẹ̀ ju kó o ta á kéré lọ o, torí ohùn tó ti gùn kọjá á máa wálẹ̀ fúnra rẹ̀, wàá pàdé rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó kéré kì í gòkè. Bó ṣe yára wálẹ̀ tó sì dá lórí flywheel, irin róbótó tó ń bá ẹ́ńjìnì yí. Èyí tó wúwo bí ti ọ̀pọ̀ mọ́tò àtijọ́ máa ń rọra bọ̀, ó ń fún ẹ láyè. Àwọn tó ti gé tiwọn kó lè fúyẹ́, ẹsẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ gbóná, ohùn á ti wálẹ̀ kí ọwọ́ tó dé.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan níbí tó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Ìgbà kan wà tí gbogbo títa túrótù mi ń kùnà, mo bá ta á, ẹ́ńjìnì á kọ́kọ́ rọ̀ hẹ̀ẹ̀, kó tó wá gùn, ìgbà yẹn gíà ti ké. Mo ń dá ẹsẹ̀ mi lẹ́bi, mo pààrọ̀ bàtà, mo tún ibi tí mo jókòó sí ṣe. Kábúrétọ̀ SU méjì, ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnì, ló wà lórí MGB, ìbòrí kékeré kan wà lórí ìkọ̀ọ̀kan, tó o bá tú u, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan á bá a jáde, inú ọ́ìlì ló yẹ kí irin yẹn máa wọ̀. Bàbá tú tèmi, wọ́n gbé irin náà sókè sí ojú mi, ó gbẹ táútáú. Ọ́ìlì yẹn ló ń dá pístìnnì kábúrétọ̀ dúró díẹ̀ nígbà tó o bá ta túrótù lójijì kí epo lè bá afẹ́fẹ́ wọlé, tí kò bá sí, afẹ́fẹ́ nìkan á ṣáájú wọlé, ẹ́ńjìnì á gbẹ́mìí mì. A rọ ọ́ìlì díẹ̀ sí méjèèjì, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ìṣòro ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Torí náà tí túrótù ẹ ò bá dáhùn kíá, wo mọ́tò kó o tó dá ara ẹ lẹ́bi.

Ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì náà ń kọ́? Ẹ ṣọ́ra. Ẹni tó ni mọ́tò mi ṣáájú ti da gíà ọ́ìlì tó nípọn sí i, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì 20W-50 tí ẹ́ńjìnì ń lò gan-an ni gíábọ́ọ̀sì MGB ń lò. Fún àwọn gíábọ́ọ̀sì tó ń lo gíà ọ́ìlì lóòótọ́, ẹ wò ó bóyá irú tí wọ́n ń pè ní GL-4 ni wọ́n ní kẹ́ ẹ lò, ẹ má kàn gbé GL-5 torí pé nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ jù, àwọn èròjà kan nínú ọ̀pọ̀ GL-5 lè jẹ òrùka idẹ, ó sì tún lè jẹ́ kí ojú rẹ̀ máa yọ̀ níbi tó yẹ kó dì mú.

Gíà kìíní ní ìwà tiẹ̀. Cadillac ti gbé synchro jáde láti 1928, Porsche ti fi irú tiwọn sínú 356 ní 1952, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ mọ́tò Gẹ̀ẹ́sì ò ní in lórí gíà kìíní fún ọdún gbọọrọ. Jaguar E-Type tó jáde ní 1961 ò ní in, ìgbà tí èyí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ lítà 4.2 dé ní 1964 ló tó ní in. MGB, láti 1962 títí dé ìparí 1967, kò ní in. Triumph TR4 ló ti ní in lórí gíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti 1961, mo ń kí àwọn tó ni ín. Nínú mọ́tò bíi tèmi, tí mọ́tò bá ń yí lọ tó o fẹ́ gíà kìíní, kò sí ọ̀nà mìíràn àfi ẹ̀ẹ̀mejì kílọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú túrótù tó dáa, òrùka kan ò sí níbẹ̀ tó máa bá ẹ tún àṣìṣe ṣe. Tó o bá ti dúró pátápátá tí kìíní ṣì ń ké, kọ́kọ́ ki ọwọ́ gíà sí kejì fẹ́ẹ́rẹ́, synchro ibẹ̀ á dá gíà inú dúró, kó o wá bọ́ sí kìíní, kò ní ké. Ìyẹn náà Bàbá ló kọ́ mi.

Ó ku bíréèkì. Mo ti kọ́kọ́ sọ gbogbo èyí bí ẹni pé ẹsẹ̀ òtún ò níṣẹ́ mìíràn, ṣùgbọ́n kọ́nà ló sábà ń mú wa rẹ gíà sílẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ tẹ bíréèkì kí kọ́nà tó dé. Ẹsẹ̀ kan, pẹ́dà méjì. Ìpìlẹ̀ àtàǹpàkò àti ìka kejì ló máa wà lórí bíréèkì, wàá wá yí etí ẹsẹ̀ ẹ sí ọ̀tún kó o fi ta túrótù. Àwọn kan ń lo gìgísẹ̀, tèmi ò rí bẹ́ẹ̀, nínú MGB etí ẹsẹ̀ ló rọ̀ mí lọ́rùn, ó dá lórí bí pẹ́dà ṣe jìnnà síra. Kẹ́ ẹ tó máa pa ara yín lórí rẹ̀, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gidi nígbà tí mọ́tò dúró kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó wá bá túrótù dọ́gba ní gíga. Tí bíréèkì bá ṣì ga ju túrótù lọ gan-an, ẹsẹ̀ èèyàn kankan ò lè ṣe é, àfi kẹ́ ẹ tún pẹ́dà tò. Bàtà pẹlẹbẹ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín ló dáa, èyí tó nípọn ò jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbọ́ràn. Fídíò kan wà tí Ayrton Senna, awakọ̀ eré ìje, ń sáré nínú Honda NSX ní pápá eré Suzuka ní Japan, kámẹ́rà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, bàtà lásán tí kò ní okùn pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ funfun ló wọ̀, ẹ wo bí ẹsẹ̀ yẹn ṣe ń jó.

Ohun tó le níbẹ̀ kì í ṣe títa túrótù, ó jẹ́ pé ipá tó o fi tẹ bíréèkì ò gbọ́dọ̀ yí padà bó o ṣe ń ta á. Níbẹ̀rẹ̀ gbogbo ìgbà tí mo bá yí ẹsẹ̀, bíréèkì ń le sí i, imú mọ́tò ń wọlẹ̀. Ẹ má kọ́ ọ nínú ọkọ̀ tó pọ̀ lọ́nà láé. Ẹ kọ́kọ́ mọ ti fíríì tán láìsí bíréèkì, kí ẹsẹ̀ òsì ti mọ iṣẹ́ tiẹ̀ láìronú, ìgbà náà lẹ lè kó ti bíréèkì mọ́ ọn.

Mo sì gbà pé bíréèkì ló ń dá mọ́tò dúró, gíà ò wà fún ìyẹn. Mo mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè gígùn, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ bá bíréèkì di mọ́tò mú, ìyẹn yàtọ̀, ẹ ti wọ gíà tó rẹlẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀. Ohun tí mò ń sọ pé kò dáa ni kí èèyàn ó máa sáré bọ̀ lórí kọ́nà kó wá fi gíà kejì dá ara rẹ̀ dúró. Páàdì bíréèkì rọrùn láti pààrọ̀, gíábọ́ọ̀sì kò rọrùn. Táyà ẹ̀yìn ló sì ń wa ọ̀pọ̀ mọ́tò wọ̀nyí, gíà tó o fi ipá rẹ̀ sílẹ̀ láìta túrótù dà bí ìgbà tó o fa háńdì bíréèkì. Mo ti rí i. Òjò ń rọ̀ wínníwínní, ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ tutù ni, ó ti rẹ̀ mí, mo fa á sí kejì nínú kọ́nà láìṣe nǹkan kan ní fíríì, mo fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ pàù, ìdí mọ́tò yọ lọ sápá òsì bí ọṣẹ. Ọwọ́ mi ṣì rántí bí sítíárìn ṣe fúyẹ́ lójijì. Ó dúró nínú koríko, kò kan ẹnikẹ́ni, mo dúpẹ́. Ojú ọ̀nà tútù, ẹ parí gbogbo iṣẹ́ gíà kí táyà tó bẹ̀rẹ̀ sí yí sí kọ́nà.

Èyí tó burú jù lọ ni kí èèyàn wọ gíà tó rẹlẹ̀ jù. Lójú aago ẹ́ńjìnì MGB mi, ibi pupa tí kò yẹ kí ẹ́ńjìnì wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi 6,000. Tí mo bá wà ní 4,500 ní gíà kẹta tí mo wá wọ kejì, ẹ́ńjìnì á gun dé 7,200, fáàfù ò ní lè bá a lọ mọ́. Kò sí nǹkan tó máa gbà ẹ́, kódà nínú mọ́tò tó ní ohun tó ń gé epo, torí kì í ṣe epo ló ń yí i nígbà yẹn, táyà ni. Nínú mọ́tò oní-gíà márùn-ún ẹni tó fẹ́ bọ́ láti karùn-ún sí kẹrin lè ṣèèṣì bọ́ sí kejì tí ọwọ́ rẹ̀ bá le jù. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ máa rọra di ọwọ́ gíà mú, tẹ́ ẹ bá dé fíríì ẹ jẹ́ kí sípíríǹgì gbé e wá sáàárín, kẹ́ ẹ tó tì í síbi tẹ́ ẹ fẹ́. Fíríì tó o dúró sí yẹn náà ló tún ń gba ẹ́ńjìnì là, torí gíà tó bá rẹlẹ̀ kọjá ibi tí túrótù ẹ gbé ẹ́ńjìnì dé máa kọ̀ láti wọlé, ọwọ́ á ti mọ̀ kí kílọ́ọ̀ṣì tó kúrò nílẹ̀.

Fún àwọn tó ní overdrive Laycock lórí tiwọn, ìyẹn gíà àfikún tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì rọra yí ní ìsáré kan náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa á, ẹ fi túrótù díẹ̀ sí i bẹ́ ẹ ṣe ń pa á, torí pípa á náà rírẹ gíà sílẹ̀ ni, bí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí túrótù pátápátá mọ́tò á fò. Àwọn tó ní Porsche 911 tó ń lo gíábọ́ọ̀sì 915, ẹ mú sùúrù fún un ní kìlómítà mélòó kan àkọ́kọ́ tó bá tutù, ọwọ́ jẹ́jẹ́ ló fẹ́. Gbogbo wa, tá a bá dúró síwájú iná ojú pópó, ẹ fi sí fíríì kẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, bíárìn tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì nínú MGB kábọ́ọ̀nù ló fi ń fara gbá irin, gbogbo ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ló fi ń jẹ.

A fi òrùka tuntun sí i, mo sì ti ń wà á láti ìgbà náà, ó ti lé lọ́dún mẹ́fà, gíà kejì ò ké rí. Lóṣù tó kọjá Bàbá tún bá mi jókòó, ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yá mọ́, òkè kan náà la tún sọ̀, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bíi ti ọjọ́sí. Mi ò sọ nǹkan kan. Kẹrin sí kẹta, kẹta sí kejì, mo padà sí kẹta, mo tún sọ̀ sí kejì, mò ń kà á nínú ara mi, nígbà tá a fi dé ìsàlẹ̀ mo ti rẹ gíà sílẹ̀ ní ìgbà mọ́kànlá. Mo wo ọwọ́ Bàbá. Ìka kan ló dúró. Mo bi wọ́n pé èwo nìyẹn, wọ́n ní "Èyí tó o ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, o kánjú kúrò ní fíríì," òótọ́ sì ni, èmi náà ti gbọ́ ọ.